Ṣé Owó Oṣù Wa Ló Gba Ọjà Lọ́wọ́ Nàìjíríà?



Orin kan wà tí àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń kọ nígbàkígbà tí a bá ti jókòó sọ̀rọ̀ owó oṣù. Wọ́n á ní ìpín Nàìjíríà nínú ọjà àgbáyé kò tó nǹkan, wọ́n á sì ní ohun tó fà á ni pé òṣìṣẹ́ ń gba owó jù. Wọ́n á gbé ìwé kalẹ̀ tí nọ́ńbà kún inú rẹ̀ bámúbámú, kí ẹnu lè wọ̀ wá. A ti gbọ́ orin náà tó. Ẹ jẹ́ kí àwa náà yẹ nọ́ńbà wọn wò.

Kí ni ìpín ọjà? Ká ní gbogbo ayé ra 100 àpò lọ́dún kan, tí 20 nínú rẹ̀ jẹ́ tiwa, ìpín wa jẹ́ 20 nínú 100. Bí ó bá di ọdún kejì tí ayé ra 200 àpò, tí àwa sì ta 24, a ti ṣiṣẹ́ ju ti àná lọ, síbẹ̀ ìpín wa já wá sí 12 nínú 100. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ìpín bá dínkù ni ẹnìkan ti ya ọ̀lẹ. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà tó bá pọ̀ sí i ni a ti di akíkanjú. Láàárín 1973 sí 1974, owó epo rọ̀bì di ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀, ìpín Nàìjíríà nínú owó ọjà àgbáyé sì ga lójijì. Ta ló kọ́ iṣẹ́ tuntun nínú wa? Owó epo ló lọ sókè, ó parí.

Ibi tí irọ́ wọn ti já gan-an ni ọ̀rọ̀ owó òṣìṣẹ́. Nicholas Kaldor, tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ọrọ̀ ajé ní Cambridge (kì í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ o), tẹ ìwádìí kan jáde ní 1978. Ó wo àwọn orílẹ̀-èdè tó ní ilé iṣẹ́ ńláńlá láti 1963 sí 1975: báwo ni ìpín ọjà wọn ṣe yí padà, báwo sì ni owó òṣìṣẹ́ tó ń wọ inú ọjà kọ̀ọ̀kan ṣe yí padà? Bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá bá jẹ́ òtítọ́, àwọn tí owó òṣìṣẹ́ wọn ga sí i ló yẹ kó pàdánù. Òdìkejì ló bá. Owó òṣìṣẹ́ Japan àti ti Ìwọ̀-oòrùn Jámánì ń ga ju ti àwọn yòókù lọ, ìpín wọn sì ń pọ̀ sí i. Ti Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ń wálẹ̀ sí ti àwọn yòókù, síbẹ̀ ọjà ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú ọjà tí ilé iṣẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ń kó ránṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 25 nínú 100 ní 1950. Ní 1979 kò tó 10 mọ́. Japan kúrò ní nǹkan bí 3 bọ́ sí 13.

A kò sọ pé kí a ṣáà máa fi owó kún owó, ọjà yóò tà. Ohun tí a ń wí ni pé ẹ̀rọ tuntun, iṣẹ́ tó dára àti ẹrù tó dé lásìkò wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọ̀gá kì í sì í dárúkọ wọn.

Ẹ wo epo pupa tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Nàìjíríà ló ń ta á sí òkè òkun jù ní gbogbo ayé. Ní 1966 Malaysia gbà á lọ́wọ́ wa. Ṣé owó àgbẹ̀ tí ń gun ọ̀pẹ ló pọ̀ jù ni? Bọ́ọ̀dù ìjọba tí ń ra irè oko, èyí tí wọ́n pa rẹ́ ní 1986, ń san owó tó kéré gidigidi sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Owó iṣẹ́ kéré, ọjà sì lọ. Àgbẹ̀ kò rí owó gbin ọ̀pẹ tuntun, ogun 1967 sí 1970 sì jà ní agbègbè tí ọ̀pẹ pọ̀ sí. Malaysia ní tiwọn ń gbin igi, wọ́n ń náwó sórí ìwádìí. Ní 1981 wọ́n tilẹ̀ kó kòkòrò kékeré kan láti Cameroon lọ sí oko wọn, kí ó máa ti ara òdòdó akọ ọ̀pẹ bọ́ sí ara abo, kí èso lè so dáadáa. Kòkòrò tó wà nínú oko wa níhìn-ín láti ìgbà ìwáṣẹ̀! Lónìí Indonesia àti Malaysia ló ń ṣe ohun tó ju 80 lọ nínú 100 epo pupa ayé. Àwa ń rà á wọlé.

Bí òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú bá ń gba ọjà ayé, àwa ni ì bá ti gbà á tán. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin, ₦18,000 ní 2011, ju dọ́là 110 lọ nígbà náà. ₦70,000 tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2024 kò tó dọ́là 50. Owó wa já wálẹ̀ ju ìdajì lọ lójú àwọn tí ń ra ọjà wa. Ọjà ilé iṣẹ́ wo ló torí rẹ̀ kún èbúté? Epo rọ̀bì ló ṣì wà níwájú. Ẹ̀yin tí jẹnẹrétọ̀ ń ké sí létí tọ̀sán tòru, àti ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ti sùn sójú ọ̀nà Apápá rí pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ẹ mọ ibi tí owó ń gbà jáde. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Nítorí náà, ní ìpàdé tó ń bọ̀, àwọn aṣojú wa kò ní dáhùn ọ̀rọ̀ ìpín ọjà mọ́ àfi bí àwọn ọ̀gá bá kọ́kọ́ gbé ìwé kalẹ̀: iye ẹrù tó jáde, kì í ṣe iye owó nìkan, ẹni tó gba ọjà náà lọ́wọ́ wa, àti ohun tó ní tí àwa kò ní, àti nínú ₦100 tí wọ́n ń ná láti ṣe ọjà kan, mélòó ni ti òṣìṣẹ́, mélòó ni ti dísẹ́ẹ̀lì. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ìwé ìdádúró kankan kí ìyẹn tó dé.