Abẹ́rẹ́ Ìdí àti Ẹsẹ̀ Ọmọ Yín

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí lè korò díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.

Ìyá kan gbé ọmọ ọdún mẹ́ta wá sí dìspẹ́ńsárì wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀. Ìyá àgbà ní rọpárọsẹ̀ ni. Ìyá ọmọ ní ọwọ́ ayé ni. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ láìpẹ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ibà ń ṣe é, ọkùnrin kan tí ń gbé àpò oògùn kiri ni ó gún un ní ìdí.

Iṣan ni a ń pe gbogbo ohun tẹ́ẹ́rẹ́ inú ara, ìbáà ṣe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan ìmọ̀lára kì í gbé ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ ni ó ń jẹ́ fún ọpọlọ. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì pé kí a pín ìdí sí mẹ́rin, kí a gún ti òkè lápá òde nìkan. Ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Itan ni, kì í ṣe ìdí rárá.

Sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ gbogbo ara, wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Ti awọ ń bí òmíràn lójoojúmọ́, ni egbò fi ń jinná kíákíá. Ti iṣan ìmọ̀lára kì í bí bẹ́ẹ̀. Bí okùn rẹ̀ bá bàjẹ́, tí yóò bá tilẹ̀ hù padà, nǹkan bíi mìlímítà 1 ni lóòjọ́. Ẹ wọn ìdí ọmọ yín dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ ṣírò rẹ̀. Ó lè ju ọdún kan lọ.

N kò dá alápò oògùn nìkan lẹ́bi. Ẹ̀yin náà ń bẹ̀bẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Bí mo bá fún yín ní oògùn oníhóró, ẹ óò yínmú, ẹ ó ní nọ́ọ̀sì yìí ahun. Bẹ́ẹ̀ láti 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fọwọ́ sí ACT tí a ń gbé mì fún ibà tí kò tíì le. Bí abẹ́rẹ́ bá di dandan, ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ni kí ó gún un. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má kọ́kọ́ wá ẹni tí ó ṣe é.

Ọmọ yẹn ṣì ń wá. Wọ́n fún un ní ohun tí ń gbé ọrùn ẹsẹ̀ dúró, ìyá rẹ̀ sì ń na ẹsẹ̀ náà fún un láràárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àtàǹpàkò rẹ̀ mira díẹ̀.