OJÚ-EWÉ ÌDÍLÉ: Òjò Tiwa, Àgbàrá Tiwọn

  Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ omi ni a fẹ́ bá yín sọ. Àwọn àgbà ní, omi la bù wẹ̀, omi la bù mu, omi kò lọ́tàá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi kan náà yìí, nígbà tó bá bínú, kì í mọ ojú ọ̀rẹ́.

Fún àwa tí a ń gbé láàárín àwọn òkè wọ̀nyí, oṣù ayọ̀ ni oṣù August. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà ni a ń ṣe àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà Wúndíá Mímọ́, ọjọ́ náà gan-an sì ni ọdún iṣu ní Savalou. Iṣu tuntun ń wọ ìlú, odó ń dún ní agboolé, àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Cotonou àti ní ilẹ̀ òkèèrè ń wá sílé. Ní àkókò yẹn náà ni ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ń lọ gbàdúrà ní ihò àpáta Màríà ní Arigbo, ní Dassa-Zoumé. Bí a ti ń jẹ, tí a ń mu, tí a sì ń dúpẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wa rántí ibi tí omi òjò tó mú iṣu náà ta ń gbà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn ọmọ wa léèrè ní ìrọ̀lẹ́ òní pé: "Òjò tó rọ̀ sórí òrùlé wa, níbo ló gbà lọ?" Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, kí a sọ fún wọn. Láti orí òrùlé, ó bọ́ sínú gọ́tà. Láti inú gọ́tà, ó bọ́ sínú odò kékeré ẹ̀yìn ilé. Odò kékeré gbé e fún Agbado àti Zou, Zou sì gbé e fún Ouémé, odò ńlá tó ti ìhà àríwá ilẹ̀ Benin bọ̀. Ouémé wáá ń gbé e lọ sí ìsàlẹ̀, ó gba Bonou, ó gba Adjohoun, ó gba Dangbo, ó gba Aguégués, títí ó fi dé adágún Nokoué lẹ́bàá Cotonou.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ní oṣù August, òjò a máa dá díẹ̀ ní ìhà gúúsù. Oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run mọ́. Síbẹ̀, àkókò yẹn ni odò bẹ̀rẹ̀ sí í kún, tí ó sì ń kún títí di October. Omi ibo ni? Omi ti àwọn ará òkè ni. Òjò kò rọ̀ nílé wọn, omi sì wọ ilé wọn. Òjò tiwa ni ó di àgbàrá tiwọn. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, nígbà tí a bá gbọ́ pé omíyalé ti dé sí ìsàlẹ̀ odò, kí a má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí wa.

Àwọn tó ti tó ọjọ́ orí kò lè gbàgbé ọdún 2010. Láti September sí October ọdún náà, omi bo ilẹ̀ wa lọ́nà tí wọ́n ní kò tíì rí bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1963. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 77 tí a ní, omíyalé náà kan 55. Ẹni tó lé ní 40 kú. Àwọn tí ó bà nínú jẹ́ tó nǹkan bí 680,000. Ilé wó, ọ̀gbìn rà sínú omi, adìyẹ àti ewúrẹ́ bá omi lọ, ilé ẹ̀kọ́ kò lè ṣí. Lẹ́yìn omi ni àrùn onígbáméjì tún dé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bẹ gbogbo ayé fún dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù 46 láti fi ràn wá lọ́wọ́, ẹ̀ka wọn tó ń tọ́jú àwọn tí kò nílé sì fi ọkọ̀ òfuurufú kó àgọ́ 3,000 wá sí Cotonou.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kó àgọ́ wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ó wò: kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbéra, ta ni ó gba ìyá àti ọmọ jáde kúrò nínú omi? Ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń gbé nítòsí wọn ni. Ta ni ó kọ́kọ́ fún wọn ní gàrí mu? Ìbátan ni, ọ̀rẹ́ ni, aládùúgbò ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí níbi gbogbo. Ní oṣù August 2017, ìjì ńlá kan tí wọ́n pè ní Harvey da òjò sí Houston ní Amẹ́ríkà, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé. Òjò náà ju 1,000 mìlímítà lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Amẹ́ríkà lówó, ó ní ọmọ ogun, ó ní ẹ̀rọ, síbẹ̀ àwọn ará àdúgbò lásán ni wọ́n gbé ọkọ̀ ìpẹja tiwọn jáde tí wọ́n ń kó ènìyàn kúrò lórí òrùlé. Ẹ sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ìjì ńlá bẹ́ẹ̀, apá ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: afẹ́fẹ́ àti ìkúùkù tó ń gba orí ilẹ̀ Áfríkà kọjá lọ sí òkun ní àkókò òjò ni ó ń di ìjì nígbà tó bá dé orí omi gbígbóná. Ayé kò tóbi tó bí a ti rò.

Àwọn kan lè wí pé: "Kí ló dé tí wọ́n fi kọ́lé sí bèbè odò?" Ìdáhùn wa nìyí. Omi tó ń lé wọn náà ni ó ń bọ́ wọn. Bí odò bá ti fà, ó ń fi ẹrọ̀fọ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ yìí ni ó mú kí ilẹ̀ àfonífojì Ouémé dára fún àgbàdo, ata àti ẹ̀fọ́. Ẹja wọn àti ata wọn ń dé ọjà. Ẹni tó ń jẹ ata wọn kò yẹ kó fi omi wọn ṣẹ̀fẹ̀.

Ó dára. Kí ni kí ìdílé Kristẹni ṣe? A óò sọ ọ́ ní ṣókí.

Èkíní, ọ̀rọ̀ àlejò. Bí omíyalé bá lé ìyá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin wá sí agboolé wa, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í nira. Gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣàánú. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìdánwò dé. Iyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣu, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́, a wáá ń bi àlejò pé, "Ǹjẹ́ omi ti ń fà báyìí?" Ó mọ ohun tí a ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí tọkọtaya jókòó pọ̀ ní ọjọ́ kìíní gan-an, kí wọ́n sọ iye oúnjẹ tó wà nílé fún ara wọn, kí wọ́n sì ké sí ìdílé méjì tàbí mẹ́ta nínú ìjọ láti pín ẹrù náà. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Kí á sì fún àlejò náà ní iṣẹ́ tó lè ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn lójoojúmọ́ láì ṣe nǹkan kan, ojú ń tì í.

Èkejì, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, èyí sì ni ó wúwo jù lọ́kàn wa. Nígbà tí ilé bá wó, òbí a máa fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àṣà àtijọ́ ni, ó sì lè jẹ́ àánú. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ àwọn tí wọ́n ń pè ní vidomègon: ọmọ tí wọ́n gbà láti tọ́, tó wáá di ẹni tó ń pọnmi, tó ń kiri ọjà, tó ń sùn ní ilẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ onílé ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Bí ọmọ tiwa bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí ọmọ tí omi lé wá náà lọ. Bí ọmọ tiwa bá ń jẹ ẹja, kí tiẹ̀ náà jẹ ẹ́. Bí a kò bá lè ṣe èyí, ó sàn kí a má gbà á, kí a ran òbí rẹ̀ lọ́wọ́ níbi tó wà. Olúwa wa wí pé ẹni tó gba ọmọ kékeré ní orúkọ òun, òun ni ó gbà. Ta ni yóò gba Olúwa, tí yóò sì gbé igbá ọjà lé e lórí?

Ẹ̀kẹta, ohun tí a ń fi tọrẹ. Ẹ má ṣe kó àkísà ránṣẹ́. Aṣọ tí a kò lè wọ̀ lọ sí Mísà, kí a má ṣe fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ohun tí wọ́n nílò ni gàrí, nítorí pé igi ìdáná wọn ti tutù. Ìkòkò, ẹní, ọṣẹ, àpò ìbusùn tí a fi ń dènà ẹ̀fọn, garawa tó ní ìdérí. Owó pẹ̀lú dára. Kí a kó ohun gbogbo jọ sí ọwọ́ kan nínú ìjọ, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a sì kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́yìn Mísà: iye tó wọlé, iye tó jáde, ibi tó lọ. Bí ìwé bá mọ́, ọwọ́ àwọn ènìyàn yóò tún là nígbà mìíràn. Orúkọ àwọn tó gbà á ni kí a má ṣe kà.

Ẹ̀kẹrin, omi mímu àti àìsàn. Kànga tí àgbàrá bá ti wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má mu nínú rẹ̀ títí a óò fi gbọ́n ọn gbẹ, tí a óò sì fi omi Javel tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá ti wí. Kí a máa se omi kó hó dáadáa kí a tó mu ún. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ẹ má ṣe dúró. Ẹ mú omi mímọ́ lítà kan, ẹ fi ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì bu ṣúgà mẹ́fà sí i láì jẹ́ kó gogo, àti ìdajì ṣíbí iyọ̀. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àgbàdo àti ẹ̀pà tó ti bu, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, ẹ má sì ṣe tà á. Májèlé wà nínú èbu náà tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, ìgbà tí omi bá ti fà. Nígbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹni tó padà sí ilé amọ̀ tó ti wó kò ní èèbù iṣu, kò ní irúgbìn àgbàdo. Àwa ní. Kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un kí a tó ta ìyókù. Àwa pẹ̀lú mọ ohun tí òjò ń ṣe fún ògiri amọ̀, a sì mọ ọ̀wẹ̀ àti àáró láti ìgbà àwọn bàbá wa. Bí ogún ọkùnrin bá bẹ ara wọn lọ́wẹ̀, wọ́n lè gbé ògiri opó kan ró kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Ẹ̀yin oníṣòwò, a bẹ̀ yín: ewúrẹ́ tí ẹni tí omi lé fẹ́ tà nítorí ebi, ẹ má ṣe rà á ní ìlàjì owó rẹ̀. Ẹ má sì ṣe yá a lówó èlé. Èrè bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ nílé.

Ẹ̀kẹfà, kí àwa tí a wà ní òkè odò wo ọwọ́ ara wa. Ní ọjọ́ 31 August 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kún, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Òjò pọ̀ ní ọjọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtí ti dí odò, wọ́n sì ti kọ́lé sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí a bá gé gbogbo igi orí òkè fún èédú, ilẹ̀ kò ní ohun tí yóò fa omi mu mọ́, gbogbo rẹ̀ á ya lọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú ìwé tí Pápá Fransísì kọ ní ọdún 2015 lórí ìtọ́jú ayé tó jẹ́ ilé gbogbo wa, ó fi yé wa pé ìpọ́njú ilẹ̀ àti ìpọ́njú òtòṣì kì í ṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Igi tí a bá gbìn sí bèbè odò Agbado, ìrànlọ́wọ́ ni fún ọmọ kan ní Adjohoun tí a kò ní mọ orúkọ rẹ̀ láé.

A mọ̀ pé àwọn kan ń wí nínú ọkàn wọn pé, "Àwa fúnra wa kò ní tó." A kò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n opó tó ju owó kékeré méjì sínú àpótí tẹ́ńpìlì kò ní tó pẹ̀lú, òun ni Olúwa sì yìn. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀: nígbà tí iṣu tuntun bá dé, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú iṣu mẹ́ta péré sọ́tọ̀ kó tó jẹ nínú rẹ̀, kó sì gbé wọn wá sí ìjọ. Bí omi kò bá dé ní ọdún náà, ẹ ó fi wọ́n bọ́ àwọn opó àti aláìsàn tó wà láàárín wa. Bí ó bá dé, a ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tí a óò ṣe. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Kí Màríà Wúndíá, ẹni tó sáré lọ sí ìlú òkè láti ran ìbátan rẹ̀ lọ́wọ́, kọ́ wa láti sáré lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Kí Ọlọ́run bùkún ilé yín, kó sì fi òjò tó mọ níwọ̀n bù kún oko yín. Àmín.