Iná Gáàsì Àwọn Jórinjórin: Kí A Tó Tún Sunkún ní Sábóńgàrí

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ń gbé Kánò tó lè gbàgbé ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Ní Aba Road, Sábóńgàrí, nǹkan bú gbàmù, ilé wó, ènìyàn 9 sì kú. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ọlọ́pàá ni pé sílíńdà gáàsì jórinjórin ló bú. Nígbà tó yá ni wọ́n tún sọ pé àwọn rí kẹ́míkà níbẹ̀.

Kí ìwádìí tó jinlẹ̀ ni orúkọ jórinjórin ti jáde. Kí ló dé tó fi rọrùn fún gbogbo ayé láti gbà á gbọ́? Ìdí ni pé wọ́n ń rí bí a ṣe ń lo gáàsì ní ṣọ́ọ̀bù wa.

Iṣẹ́ Ògún ni irin jíjó, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fi owó rẹ̀ kọ́lé, tó fi rán ọmọ níwèé. Ẹni tó ń fi iná mànàmáná jó irin ò lè ṣe nǹkan kan bí NEPA bá múná lọ, àfi kó tan jẹnẹrétọ̀. Oní gáàsì kò nílò ìyẹn. Òun ló ń jó páànù ọkọ̀ tó fẹ́lẹ́, òun náà ló ń gé irin ńlá. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí ń jẹ èrè ẹni tán, àwọn kan sì ti padà sídìí gáàsì. Ṣùgbọ́n náírà tó já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún náà sọ kábáàdì tó ń ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n. Ibẹ̀ ni ewu gbà wọlé. Ọ̀gá tí kò rówó ra họ́ọ̀sì tuntun ń fi wáyà di èyí tó ti là.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí omi bá kan kábáàdì, gáàsì asẹ́tílìnì ló ń jáde. Bí a bá dà á pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, iná rẹ̀ ń gbóná ju 3,000 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ irin kò nílò ju nǹkan bí 1,540 lọ kó tó yọ́. Bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá gba inú họ́ọ̀sì padà sínú dúrọ́ọ̀mù kábáàdì, bọ́ǹbù ló dà. Fáàfù kékeré kan wà tí ń dínà mọ́ iná náà. Owó rẹ̀ kò tó owó òkú sísin. Ṣọ́ọ̀bù mélòó ló ní i?

Òróró àti gíríìsì náà ńkọ́? Bí wọ́n bá kan ẹnu sílíńdà ọ́síjìn, iná lè sọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣá ìṣáná. Ọmọ iṣẹ́ tó fi ọwọ́ gíríìsì ṣí i kò mọ̀ pé ikú lòun ń ṣílẹ̀kùn fún.

Àwọn ọ̀gá kan á ní, "Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi ní gbangba ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá yín ti ṣiṣẹ́. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù wà lábẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó fara kan ilé ìwé àti ilé oúnjẹ. Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ìjọba ni àyẹ̀wò. A gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí aburú bá ṣẹlẹ̀, wọn kò ní dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Gbogbo wa tí a wá jẹun nílùú yìí ni wọ́n máa nàka sí, wọ́n sì lè lé gbogbo ṣọ́ọ̀bù kúrò.

Nítorí náà, a ń bẹ ẹ̀yin ọ̀gá jórinjórin àti pánẹ́ẹ̀bítà: ẹ ra fáàfù náà, ẹ fi ṣéènì de sílíńdà ní ìdúró, ẹ sọ họ́ọ̀sì tó là nù, ẹ má jìnnà sí omi àti yanrìn. Kí a má sì ṣe fírídọ́ọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́ kankan mọ́ láìjẹ́ pé ó dáhùn ìbéèrè lórí nǹkan wọ̀nyí níwájú àwọn àgbà. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fa ọmọ yín lé ọ̀gá lọ́wọ́, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wò.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A ti sọ tiwa. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú ọjọ́ yẹn mọ́.