Ìlárá, Ìmẹ̀kọ àti Òfin Ibodè

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ibodè ní Ìsàlẹ̀ Èkó, iye tí a ń ta àpò ìrẹsì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò. Àwa fẹ́ kí a ro ti àgbẹ̀ lónìí.

Ìlárá, ní ìhà Ìmẹ̀kọ, jẹ́ ìlú àgbẹ̀ tí ààlà là sí méjì: Ìlárá-Yewa wà ní Nàìjíríà, Ìlárá-Kanga wà ní Olómìnira Benin. Àwọn ará ìlú kọ́ ni ó fa ìlà náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ̀wé ní Paris. Kétu bọ́ sí ìhà Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó ti Kétu ṣẹ̀ wá, bọ́ sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ya àwòrán ilẹ̀ fún àwọn ọmọ mọ̀ pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni lójú pátákó. Ṣùgbọ́n oko baba ẹni lè wà ní òdìkejì rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Ìjọba Àpapọ̀ ti ibodè nítorí fàyàwọ́. A kò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Fàyàwọ́ wà, àwọn ọmọ ìlú ibodè kan sì ń bá wọn dá sí i. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá, àwọn aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe já epo bẹntiróò sí ilé epo tí kò jìnnà sí ààlà tó kìlómítà 20. Àti Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá ni ó kàn. Níbo ni alùpùpù tí ń kó iṣu bọ̀ láti oko yóò ti rí epo? Kí ni obìnrin tí ń fi ẹ̀rọ rin ẹ̀gẹ́ yóò dà sínú rẹ̀? Òfin yìí kò wo ìwà ẹnikẹ́ni. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni ó fi dá a lẹ́bi.

Nígbà tí wọ́n óò ṣí ibodè, Sẹ̀mẹ̀ wà nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ìdíìrókò dúró di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Bẹ́ẹ̀ ni Èkó níbí ni a ti fọwọ́ sí ìwé tí ó dá ECOWAS sílẹ̀, ní 1975!

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, ẹ bi àwọn aṣojú yín léèrè ohun tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá tún ti ibodè. Ohun tí àwa ń fẹ́ kò pọ̀: kí a ka iye epo tí ó tó ìlú àgbẹ̀ fún oṣù kan, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n àti àwọn aṣọ́bodè jọ máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì ti ilé epo tí ó bá tà fún onífàyàwọ́, òun nìkan.