Ọmọ Wọlé Ẹ̀kọ́: Ta Ni Yóò Bá A Dé Òpin?

Ẹni tó bá dúró létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, yóò rí afárá Third Mainland tó gba orí omi kọjá, yóò rí ọkọ̀ àwọn apẹja, òórùn ẹja yíyan yóò sì máa ta sí i nímú. Láti ibẹ̀ sí Yunifásítì Èkó ní Àkọkà kò jìnnà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wà ní Àkọkà bákan náà. Yabatech, tó ti wà láti 1947, kò sì jìnnà sí ẹni tó bá wọ dáńfó. Àdúgbò mélòó ló súnmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó báyìí? Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọmọ tí a bá yọ̀ nígbà tí ìwé ìgbàwọlé dé ni a máa ń bá yọ̀ lọ́jọ́ ìparí.

Àwa Yorùbá mọ ìwọlé í ṣe àjọyọ̀ rẹ̀, a sì mọ ìjáde í ná owó lé lórí. Àárín méjèèjì ni a kì í sábà bójú tó, ibẹ̀ gan-an ni ọmọ sì ti ń sọnù.

Kì í ṣe àìmọ̀wé ló ń lé púpọ̀ nínú wọn. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìlàjẹ tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà. Ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboníṣe kan. Ní sáà kejì, kò rí owó ra ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní kíláàsì. Nítorí kò ní ohun èlò, kò lọ. Nítorí kò lọ, ojú ń tì í láti bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí owó fi dé, ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò ti parí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni ọmọ fi ń kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún mi nìyí: “Kò sọ fún mi. Ká ní ó sọ ni, ǹ bá wá nǹkan ṣe sí i.”

Wọ́n ti dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò ní Amẹ́ríkà. Ní 2007, Yunifásítì Ìlú New York bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ ASAP ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ tí kì í gbà ju ọdún méjì lọ. Wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ṣẹ́kù, wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé àti káàdì ọkọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, olùdámọ̀ràn kan wà fún oníkálukú tí ó gbọ́dọ̀ máa rí déédéé. Nígbà tí àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà nínú ètò náà ló ti gba ìwé-ẹ̀rí, nígbà tí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò sí níbẹ̀ jẹ́ 22. Owó ọkọ̀, ìwé, àti ẹnìkan tó ń béèrè wọn: ohun tó mú ìyàtọ̀ wá nìyẹn.

Nílé níbí, a ní ẹ̀yáwó NELFUND, tí òfin rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Kò ní èlé. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́, a sì lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ₦20,000 lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú ìlú ni sísan padà tó ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó kì í pe akẹ́kọ̀ọ́ láago láti béèrè ìdí tí kò fi lọ sí kíláàsì. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti jáde, ẹ mú ọmọ kan ṣoṣo ní àdúgbò yín. Ẹ jókòó tì í kí ó fi kún fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó náà. Kí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ márùn-ún dá àjọ kékeré fún ohun èlò àti owó ọkọ̀ rẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe ń dá a lọ́jà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé o ti forúkọ sílẹ̀? Kíláàsì wo lo pa jẹ? Kí ni kò jẹ́ kí o lọ? Bí ó bá parí ọdún méjì àkọ́kọ́ ní gbogboníṣe, tí ó lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan kí ó tó padà fún HND, ẹ má ṣe jẹ́ kí owó oṣù kékeré gbà á lọ́wọ́ yín.

Bí ìbéèrè yín bá bọ́ sí àkókò, ọmọ náà kò ní ní láti fi ojú títì pa ẹnu mọ́.