Ẹ Jẹ́ Ká Gba Rìsíìtì Owó Ọ̀nà Wa



Gbogbo wa la mọ àwọn ọmọ olókùn. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kòtò ti lu ojú títì, ẹ óò bá wọn níbẹ̀: ọ̀dọ́ mẹ́rin márùn-ún, ṣọ́bìrì méjì, òkìtì yangí kan, àti okùn tí wọ́n ta dí ọ̀nà. Wọn a da yangí díẹ̀ sínú kòtò, wọn a wá na ọwọ́ sí fèrèsé ọkọ̀: "Bàbá wa, màmá wa, ẹ ṣe wá lóore." Awakọ̀ a fún wọn ní igba náírà, okùn a wálẹ̀, ọkọ̀ a kọjá. Òjò mìíràn a rọ̀, yangí a bá àgbàrá lọ, okùn a tún dìde.

Igba náírà yẹn, owó ọ̀nà ni. Òun nìkan kọ́ là ń san. Ṣọ́ọ̀kì tí mẹkáníìkì ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ nígbà tí èyí tẹ́ ẹ rà kò tíì pé ọdún, owó ọ̀nà ni. Táyà tó bẹ́ lójijì, owó ọ̀nà ni. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó ti di omi kó tó dé ọjà Bódìjà tàbí ọjà Mile 12, owó ọ̀nà ni. Ẹni tó gbé e wá ti pàdánù, ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ yóò sì san èlé lórí ìwọ̀nba tó kù. Owó tí ọlọ́kadà gbà láti gbé aláboyún jáde láti abúlé lóru, nítorí pé kò sí mọ́tò tó lè wọ ibẹ̀, owó ọ̀nà ni pẹ̀lú. À ń san án lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó fún wa ní rìsíìtì rí. Kò sójú kan tí owó náà kó jọ sí, tí a fi lè tọ́ka sí ọ̀nà kan pé owó wa ló tún un ṣe.

Ohun tí mo fi ń pè yín rèé. Ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa, ká ní kí wọ́n fún owó ọ̀nà ní òfin tirẹ̀: òfin tí yóò kó o jọ sínú àpò kan, tí yóò sọ ẹni tó ń ṣọ́ àpò náà, tí yóò sì sọ ọ̀nà tó kàn kí wọ́n tó náwó. Kòtò tí ẹ ń rí lójú títì, inú ìwé òfin ló ti kọ́kọ́ lu.

Ta ló ni ọ̀nà tó gba iwájú ilé yín kọjá? Ìbéèrè yìí ni wọ́n fi ń sá mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ bá gómìnà sọ ọ́, á ní ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹ bá Àbújá sọ ọ́, wọ́n á ní ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Alága ìjọba ìbílẹ̀ á ní òun kò rówó gbà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ọ̀nà tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá kéde pé ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, Àbújá ló ni ín. Ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà rẹ̀ àti iná ojú títì rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ín. Èyí tó wà láàárín méjèèjì di ti ìpínlẹ̀. Bí a bá sì ka gbogbo ọ̀nà mọ́tò Nàìjíríà, tí Àbújá kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Kódà, iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣe, òfin ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń gbé e lé e lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kòtò tó ń jẹ wá níyà, abẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́, Òṣogbo, Adó-Èkìtì àti Ìkẹjà ló wà.

Gómìnà kò lágbára láti ná kọ́bọ̀ nínú owó ìpínlẹ̀ láìjẹ́ pé òfin yọ̀ǹda rẹ̀. Abala 120 àti 121 nínú ìwé òfin 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ló ń gbé àbá ìṣúná wá, ilé aṣòfin ló ń sọ ọ́ di òfin, wọ́n sì lè fi kún un tàbí kí wọ́n gé e kù. Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mò ń sọ, ẹ rántí 2017. Bílíọ̀nù 31 náírà ni wọ́n dábàá fún òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Nígbà tí ilé aṣòfin àpapọ̀ fi máa ṣe tán lórí ìṣúná ọdún náà, ó ti di bílíọ̀nù 10. Babátúndé Fáṣọlá, tó jẹ́ mínísítà fún iṣẹ́ òde nígbà náà, figbe ta. Òjò kò rọ̀, tírélà kò ṣubú, bírò ni wọ́n fi gé ọ̀nà náà. Irú bírò yẹn wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ dìbò fún sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Àbújá jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé bàbá ẹni yìí.

Òfin kan tún wà tó yẹ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀. Òfin 2002 ló dá àjọ FERMA sílẹ̀ láti máa tún ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ṣe. Ní 2007, wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tó ń ra bẹntiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì máa san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye owó epo, fún àtúnṣe ọ̀nà. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà tó bá wọlé, 40 yóò lọ sọ́dọ̀ FERMA; 60 yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn àjọ àtúnṣe ọ̀nà tí ìpínlẹ̀ bá dá sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìparí rẹ̀ gbọ́: tí ìpínlẹ̀ bá dá sílẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún, owó yẹn kò wọlé bí òfin ṣe là á sílẹ̀. Ní 2025, òfin owó orí tuntun tún gbé ìdá márùn-ún lé orí epo, ó ní kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ àfi bí mínísítà fún ètò ìnáwó bá pàṣẹ rẹ̀ tí wọ́n sì kéde rẹ̀ sínú ìwé ìjọba. N kò ní kẹ́ ẹ lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí owó epo tún lọ sókè. Èyí tó wà nílẹ̀ ti wọ̀ wá lọ́rùn tó. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, bí wọ́n bá wá gbà á lọ́wọ́ wa lọ́la, apẹ̀rẹ̀ wo ni ìpínlẹ̀ wa gbé kalẹ̀ láti fi gba ìpín tiwa?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá àjọ lọ́jà mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Ẹ kì í kówó fún alájọ tí kò ní káàdì. Ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ mọ ọjọ́ tó ń kówó, ẹ mọ ẹni tó kàn láti kó. Bó bá fo orúkọ ẹnì kan, ẹ ó bi í léèrè lójú gbogbo ọjà. Owó ọ̀nà tí kò ní òfin dà bí àjọ tí kò ní káàdì: a ń dá a, a kò mọ ẹni tó ń kó o.

Ohun tí òfin lè ṣe, Èkó ti fi hàn. Ní 2002, wọ́n ṣe òfin tó dá LAMATA sílẹ̀ láti máa ṣètò ìrìnnà nílùú náà. Ní 2008, ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mile 12 sí CMS. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2023, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2. Ní Oṣù Kẹwàá 2024, aláwọ̀ pupa tẹ̀lé e láti Agbádò dé Òyìngbò. Gómìnà mẹ́rin ló ti jẹ láàárín àkókò náà. Ká ní inú ọkàn gómìnà kan ṣoṣo ni ètò yẹn wà ni, ìbá ti bá a lọ sílé. Ẹ óò ní Èkó lówó. Ó lówó lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo iye afárá tí gómìnà kan bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ olówó, tí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pa tì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò RAAMP, tí wọ́n fi ń la ọ̀nà oko sí ọjà, tí Báńkì Àgbáyé ń yáni lówó fún. Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó àti Kwara wà nínú rẹ̀. Lára ohun tí ayánilówó béèrè lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ni òfin méjì: ọ̀kan láti dá àjọ ọ̀nà ìgbèríko sílẹ̀, èkejì láti dá àpò owó ọ̀nà sílẹ̀. Àlejò tó fẹ́ yá wa lówó kọ́kọ́ béèrè òfin. Àwa tí ọ̀nà jẹ́ tiwa, tí a óò sì san gbèsè náà, kí ló dé tí a kò béèrè?

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé òfin kún ilẹ̀, ta ló ń tẹ̀lé e? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Òfin tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ ká mọ ohun tí a fẹ́ nínú rẹ̀, ká sì máa ṣọ́ ọ. Bí ìpínlẹ̀ yín bá ti ní òfin àpò owó ọ̀nà, ẹ lọ béèrè iye tó wà nínú àpò. Bí kò bá ní, ẹ béèrè òfin tó ní nǹkan mẹ́rin yìí nínú.

Èkíní, kí àpò náà dá dúró, kí ẹnikẹ́ni má lè fà á lọ san nǹkan mìíràn. Èkejì, kí wọ́n máa tẹ orúkọ gbogbo ọ̀nà ìpínlẹ̀ jáde lọ́dọọdún, pẹ̀lú ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kí ìṣúná tó wọlé. Kí àtúnṣe èyí tó wà nílẹ̀ ṣáájú dída ọ̀dà tuntun. Ìdí ni pé kòtò kékeré tí wọ́n bá dí lóṣù kejì kì í di ọ̀gbun lóṣù kẹjọ, gọ́tà tí wọ́n bá kó sì máa ń gba títì là. Ẹ̀kẹta, kí awakọ̀, ìyálọ́jà, àgbẹ̀ àti ẹnjiníà jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ àpò. Ẹ̀kẹrin, kí àbọ̀ ayẹ̀wéowó-wò àgbà ìpínlẹ̀ lórí àpò náà di ohun tí gbogbo aráàlú lè kà. Abala 125 nínú ìwé òfin 1999 ti fún un ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti gbé àbọ̀ rẹ̀ síwájú ilé aṣòfin lẹ́yìn tí ìwé ìṣirò bá dé ọwọ́ rẹ̀; kí wọ́n má fi í pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀.

Báwo la ó ṣe ṣe é? Àwọn aṣòfin máa ń jókòó lórí ìṣúná láti bí Oṣù Kẹwàá dé Oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá dé lóṣù kìíní á bá ọjà tó ti tú. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ lándíọ́ọ̀dù pe ìpàdé láti ìsinsìnyí. Ẹ rin ọ̀nà yín láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ẹ ka kòtò rẹ̀, ẹ ya fọ́tò gọ́tà tó dí, ẹ kọ orúkọ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Kí àwọn awakọ̀ kọ iye tí wọ́n ná lórí táyà àti ṣọ́ọ̀kì láàárín oṣù kan. Kí ìyálọ́jà kọ iye ẹrù tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí aṣòfin ẹkùn yín, ẹ̀dà kan sí alága ìgbìmọ̀ iṣẹ́ òde ní ilé aṣòfin, ẹ̀dà kan sí abẹnugan. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kó wà nínú rẹ̀:

Ǹjẹ́ ìpínlẹ̀ wa ní òfin àpò owó ọ̀nà, èló ló sì wọ inú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá?

Ipò wo ni ọ̀nà wa wà nínú iṣẹ́ ọ̀nà ọdún tó ń bọ̀?

Ọjọ́ wo lẹ óò wá jókòó pẹ̀lú wa kí ẹ tó fọwọ́ sí ìṣúná?

Bí iléeṣẹ́ ìjọba bá ní ìwé ìnáwó jẹ́ àṣírí, ẹ fi òfin ẹ̀tọ́ ìròyìn ti 2011 béèrè rẹ̀. Ọjọ́ méje ló fún wọn láti dáhùn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sọ pé òfin yẹn kò kan àwọn, àmọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a ní Oṣù Kẹrin 2025 pé ó kàn wọ́n. Àwáwí ti kúrò lẹ́nu wọn. Ìdìbò 2027 náà ò sì ní gbàgbé láti dé. Ẹni tó bá gbé ìrẹsì wá, ẹ gbé lẹ́tà fún un. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Bí ẹ bá tún bá àwọn ọmọ olókùn pàdé, ẹ má bú wọn. Iṣẹ́ tí kò lólúwa ni wọ́n rí, ni wọ́n bá fi okùn gbowó rẹ̀. Wọ́n mọ kòtò yẹn ju kọmíṣọ́nnà lọ; wọ́n mọ ọjọ́ tó lu, wọ́n sì mọ iye ìgbà tí àwọn ti dí i. Ẹ na lẹ́tà náà sí wọn láti ojú fèrèsé, ẹ ní kí wọ́n fi okùn sílẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n mú bírò, kí wọ́n bá wa fọwọ́ sí i.