Òfin Kò Lè Pàṣẹ fún Àlìkámà

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àlìkámà kò kan ọmọ Yorùbá, kí ó wá wo iye àwọn tí ń ru búrẹ́dì kiri ní Satellite Town ní ìdájí. Èbúté Àpápá, níbi tí àlìkámà òkèèrè ti ń gúnlẹ̀, kò jìnnà sí wa. Síbẹ̀ bí dọ́là bá ti wọ́n, búrẹ́dì wa a kéré sí i, owó rẹ̀ a sì lé.

Ní 1987, ìjọba ológun Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọ̀lú, wọ́n ní kí a gbin tiwa. Ní 1992, wọ́n tú òfin náà ká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn onífàyàwọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin lè ti èbúté, kò lè mú kí ọyẹ́ pẹ́ nílẹ̀.

Ìgbà òtútù ni àlìkámà ń fẹ́. Wọn a gbìn ín ní Kánò tàbí Borno ní Oṣù Kọkànlá, wọn a fa omi wọ oko. Bí ó bá di Oṣù Kẹta, ooru ti dé. Èyí tí ó bá pẹ́ kí ó tó tanná, ooru yóò ká a mọ́ ibi tí ó ti ń yọ ọmọ, ọmọ náà yóò hunjọ, yóò sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá yá jù kò tíì yọ ẹ̀ka, kò tíì ní ewé tó. Ṣírí rẹ̀ a kéré. Ìdí nìyí tí n kò fi bá àwọn tí ń pariwo irúgbìn atètègbó ṣáá lọ.

Jíìnì, ìyẹn àbùdá tí irúgbìn jogún, ni ó ń pinnu àkókò náà. Àwọn tí à ń pè ní Vrn ni ó ń sọ bóyá àlìkámà gbọ́dọ̀ rí òtútù líle fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó tanná. Ppd ní tirẹ̀ ń ka gígùn ọ̀sán. Èyí tí ó bá ń dúró de ọ̀sán gígùn bíi ti Yúróòpù kò lè wúlò fún wa, nítorí ọ̀sán Kánò ní Oṣù Kejìlá kò pé wákàtí 12. Norman Borlaug, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1970, gbin àlìkámà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Mẹ́síkò. Èyí tí ó ṣe dáadáa níbi méjèèjì ni ó ń yàn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe rí àwọn tí kò bìkítà fún gígùn ọ̀sán.

Ní tèmi, irúgbìn ni ó yẹ kí ó ṣáájú òfin. Ó máa ń tó nǹkan bí ọdún 10 kí irúgbìn tuntun kan tó ti oko ìwádìí dé ọwọ́ àgbẹ̀. Ọdún 5 ni òfin 1987 lò.